Ọwọ́ Tó Máa Kàn Án

Láyé ìgbà tí gbogbo ilé àdúgbò yẹn ń fi jẹnẹrétọ̀ tanná, ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sáré pè bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège. Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ gùn o, ẹ má jẹ́ ká bú ọmọlúwàbí. Etí rẹ̀ kò tóbi ju tèmi tẹ̀yin lọ. Ohun tó fà á ni pé bó bá dúró sẹ́nu géètì, tí ẹ̀rọ ń dún lẹ́yìn ilé, kò ní tíì fojú kàn án tí yóò ti máa ké pé, “Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti dọ̀tí!” tàbí, “Ẹ tún ti ra epo olómi! Ẹ̀yin èèyàn yìí ò sì ní gbọ́!” Wọ́n á tú ẹ̀rọ, wọ́n á sì bá a bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ká má parọ́, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Bó bá ti la ẹnu lórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sí “mo rò pé” lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí “bóyá.” Aya rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí ọkọ òun bá sọ pé “mi ò mọ̀,” òun á pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, òun á gbé àpótí síwájú ilé, kí òun lè rí bí ayé ṣe ń parí.

Àwọn ọmọkùnrin wọn ti fò lọ síbi iṣẹ́ tiwọn. Àbíkẹ́yìn, tó jẹ́ obìnrin, ló dúró ti baba rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú ọmọ yìí, ìrìn rẹ̀, àti bó ṣe máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, ti ìyá baba rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí baba fi ń pè é ní “Ìyá mi,” bí inú rẹ̀ dùn, bí inú rẹ̀ bàjẹ́.

Láti kékeré tó ti ń kọ́ ọ níṣẹ́, òfin kan ló ń tẹ̀ mọ́ ọn létí: “Èyí tó ń dún ló ń gé ọwọ́. Èyí tó bá ti dákẹ́, ó ti kú.” Yóò tẹ́ etí sílẹ̀ díẹ̀, yóò ní, “Ó ti kú, Ìyá mi,” ọmọ á sì ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ títí dé ìgúnpá. Kò ní wẹ̀yìn, kò ní bi í lẹ́ẹ̀kejì. Baba kò sì ṣì í sọ rí. Kò sí àpá kan lára ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì, ìyẹn sì ni Elétí Ehoro fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́. “Ẹ wo ọwọ́ ọmọ mi,” ni yóò wí. “Ṣé ọwọ́ mẹkáníìkì nìyí, àbí ọwọ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín?”

Ìgbà tó yá, sólà dé. Òrùlé ilé dókítà ló kọ́kọ́ gùn, àwọn èèyàn ní olówó ń ṣe fáàrí. Lẹ́yìn náà ó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, ó dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò, ó dé ilé ìyá arúgbó tí kò ní ju gílóòbù kan àti rédíò lọ. Kò pẹ́, kò jìnnà, àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́ pé àwọn ti ń gbọ́ ara àwọn sọ̀rọ̀, pé èéfín kò ta àwọn ọmọ lójú mọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ariwo ń bọ́, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni ìyàn tirẹ̀. Elétí Ehoro á jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, á máa fi àkísà nu sípánà tí kò dọ̀tí. Àwọn oníbàárà àtijọ́ á kọjá, ojú á tì wọ́n, wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Iṣẹ́ wo?” ni yóò dá wọn lóhùn. “Ẹ kú ìjókòó ni kẹ́ ẹ kí mi.”

Ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan fẹ́ kọ́ àwọn tí iná àtijọ́ ń bọ́ ní iṣẹ́ iná tuntun: bí a ti ń to sólà sórí òrùlé, bí a ti ń wọ ilé onílé láti wá ohun tó ń jẹ iná láìnídìí, bí a ti ń dí etí fèrèsé kí atẹ́gùn tútù tí wọ́n fi iná ṣe má bàa sá jáde. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n á sì bá a wáṣẹ́.

“Bàámi, wọ́n ní káwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe wá.”

“Kí wọ́n wá ṣe kí ni? Kí wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ ìsìnkú ara wọn?”

“Kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ ni.”

“Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí ìyá ẹ tó mọ̀ mí! Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi níbẹ̀?”

“Iṣẹ́ míì ni, Bàámi. Èmi máa lọ o.” Ó wolẹ̀ díẹ̀. “Àmọ́ mi ò fẹ́ lọ lémi nìkan.”

Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ jù lọ nínú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé ọmọ lọ, ó ń kùn bí oyin lójú ọ̀nà.

Olùkọ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tín-ín-rín kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọmọ Elétí Ehoro lọ. Ó kó wọn jáde sí àgbàlá. Pátákó sólà kan wà nílẹ̀ nínú oòrùn, wáyà méjì yọ lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ wò ó dáadáa,” ló wí. “Ṣé ó wà láàyè, àbí ó ti kú?”

Gbogbo ojú yí sí Elétí Ehoro. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí lé e, ẹ̀rín sọ. “Ó ti kú,” ló wí. “Ó ti kú fin-ín fin-ín. Ẹ lọ pe àwọn ẹbí rẹ̀.”

Olùkọ́ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé míta, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná, ó fi imú rẹ̀ méjèèjì kan wáyà, ó sì yí ojú rẹ̀ sí wọn. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, kò sì kéré.

“Ẹ̀rọ tiyín, Bàá, ẹ lè pa á,” ló wí. “Oòrùn ò níbi tí wọ́n ti ń pa á. Níwọ̀n ìgbà tílẹ̀ bá ti mọ́, nǹkan yìí wà láàyè. Tí ẹ bá wá to púpọ̀ pọ̀, iná tó wà níbẹ̀ lè jó èèyàn dé egungun. Kò sì ní pariwo kankan fún yín tẹ́lẹ̀.”

Ó wá fún wọn ní òfin, ó ní kí wọ́n wí i tẹ̀ lé òun bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: “Ọwọ́ tó máa kàn án ni kó wọ̀n ọ́n.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnìkan kì í bá ẹnìkejì wọn iná. Ọ̀gá ì báà ti wọ̀n ọ́n, ọ̀rẹ́ ì báà ti wọ̀n ọ́n, ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ tirẹ̀ kàn án gbọ́dọ̀ gbé míta, kó tún un wọ̀n, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí.

Elétí Ehoro na ọwọ́. “Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ ọmọ mi yìí ló wọ̀n ọ́n ńkọ́?”

“Ẹ tún un wọ̀n.”

“Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín?”

“Ẹ tún un wọ̀n, Bàá.”

“Háà! Irú ẹ̀kọ́ wo nìyí, tí baba ò ní gba ọmọ gbọ́, tí ọmọ ò ní gba baba gbọ́?”

Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ dúró títí ẹ̀rín fi tán. “Ẹni tó bá kàn án láì wọ̀n ọ́n, ilé ló ń lọ,” ló wí. “Mi ò ní wo ojú ẹnikẹ́ni.”

Nígbà tí wọ́n délé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún aya rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú. Obìnrin náà kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń rán. “Tí ẹlòmíì bá bá mi wọn oníbàárà,” ló wí, “èmi kì í gé aṣọ náà.”

“Aṣọ nìyẹn,” ni ọkọ wí, ó sì bọ́ síta.

Ṣùgbọ́n ọmọ gba ẹ̀kọ́ náà bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń gba omi. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà mẹkáníìkì fi ń pè é sí ìkọ̀kọ̀ pé kó tún un ṣàlàyé fáwọn. Bí olùkọ́ bá bèèrè nǹkan, wọn á wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Inú baba rẹ̀ ń dùn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Inú kan náà sì ń ro ó. Tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n máa ń wò. Ní báyìí ó ti di “Bàbá ọmọ yẹn.” Àwọn tó ṣì ń pè é ní Elétí Ehoro, bí ẹni ń fi ṣàwàdà ni wọ́n ń pè é, torí kí ni èèyàn fẹ́ fi etí ṣe nídìí iṣẹ́ tí kì í dún? Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un ni pé ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, wọ́n kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan láti tú sólà ògbólógbòó tó wà lórí òrùlé rẹ̀, kí wọ́n lè to tuntun. Olùkọ́ wà níwájú ilé, ó ń di àkàbà mú fún àwọn tó ń gbé tapólì gòkè lọ láti fi bo àwọn pátákó kúrò lójú oòrùn. Ọmọ wà lẹ́yìn ilé, nídìí àpótí tí wáyà gbà sọ̀kalẹ̀ sára ògiri. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, torí ó nípọn jù, kò jẹ́ kí ìka rí ẹnu wáyà dì mú. Míta wà lọ́rùn rẹ̀. Baba rẹ̀ àti àwọn àgbà mẹkáníìkì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn náà, tó ń dún gbùùù. Olùkọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n pa á. Elétí Ehoro pa á.

Gbogbo ẹ̀yìn ilé dákẹ́. Etí rẹ̀ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà tí ọmọ náà kò tíì ga tó tábìlì.

“Ó ti kú, Ìyá mi. Fà á.”

Ọmọ gbé míta sókè. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjì yẹn bú sẹ́rìn-ín. “Elétí Ehoro! Ọmọ ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò o!”

Ara baba gbóná. “Kí lò ń wọ̀n?” ló pariwo. “Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi lo fẹ́ wọ̀n níwájú àwọn èèyàn yìí?”

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Ọmọ yìí mọ òfin. Ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó wo ojú baba rẹ̀, ó rí i pé bí òun bá fi imú míta kan wáyà yẹn, òun ti bọ́ ọ síhòòhò lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé nǹkan díẹ̀ ló kù lára rẹ̀ láti bọ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, Bàámi,” ló wí. Ó fi míta sílẹ̀, ó sì fa wáyà.

Kò dún bí ìbọn. Ó kàn hó ni, bí ìgbà tí omi bá ta sínú epo gbígbóná, ìmọ́lẹ̀ kan sì yọ tí ojú kò lè wò. Ọlọ́run ló ní kí awò iṣẹ́ wà lójú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì. Àwọn tó wà lórí òrùlé kò tíì fi tapólì bo ju ìlàjì àwọn pátákó lọ, bátìrì inú ilé sì ń mu iná wọn lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló kú. Kò sí ẹni tó pa oòrùn.

Elétí Ehoro gbọ́ ohùn kan tó ń ké “Ìyá mi, Ìyá mi,” ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé ohùn òun ni.

Dókítà ní wọn ò ní gé ọwọ́ náà. Ó ní kí wọ́n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kò ní ká bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, láéláé. Aya Elétí Ehoro sáré dé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó wo ọkọ rẹ̀, kò sunkún.

“Ta ló wọ̀n ọ́n?” ló bèèrè.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni ọmọ ti dáhùn. “Mo gbàgbé ni, Màámi. Mo gbàgbé láti wọ̀n ọ́n.”

Ọkùnrin náà sì dákẹ́! Ẹnu tí kì í sinmi, ẹnu tó ń dájọ́ fún ẹ̀rọ láti ẹnu géètì, ó pa á dé, ó jókòó sórí àga ilé ìwòsàn, ó ń wo bàtà rẹ̀. Èmi kò mọ irú ìtìjú tí í di èèyàn lẹ́nu bẹ́ẹ̀, mi ò sì gbàdúrà kí n mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí olùkọ́ wá, ohun kan náà ni ọmọ sọ fún un: “Mo gbàgbé ni.” Olùkọ́ jókòó tì í, ó gbé omi fún un mu. Kó tó dìde ló wá sọ ọ́. “O mọ òfin. Mi ò lè gbà ẹ́ padà.”

Láti ìgbà tí iná ti jó o, omi kò jáde lójú ọmọ náà. Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ọwọ́ tí ìka méjì rẹ̀ kò ká kò lè padà sídìí ẹ̀rọ. Kò sí ẹ̀rọ mọ́ pàápàá. Iṣẹ́ tuntun yìí, ó lè fi ọwọ́ òsì àti orí rẹ̀ ṣe é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yẹn, níbo ló kù? Ó kọjú sí ògiri. Baba rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Kò lè jẹun. Bó bá sùn, yóò ta jí. Nígbà tó yá, kò lè gbà á mọ́ra mọ́, ó mú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ pọ̀n, ó bá olùkọ́ nínú yàrá irinṣẹ́, níbi tó ti ń ká wáyà.

“Kò gbàgbé,” ló wí, kò tilẹ̀ kí i. “Ó ti gbé míta sókè. Èmi ni mo jágbe mọ́ ọn. Ẹnu mi ni.”

“Mo mọ̀, Bàá,” ni olùkọ́ wí. “Gbogbo ilé ìwòsàn ló gbọ́ yín.”

“Ẹ wá lé èmi. Ẹ gbà á padà.”

Olùkọ́ fi wáyà sílẹ̀. “Ẹnu yín kọ́ ló jóná, Bàá. Tí mo bá gbà á padà torí pé baba ẹ̀ ló sọ ọ́, lọ́jọ́ míì ọ̀gá ẹ̀ á sọ ọ́. Onílé á sọ ọ́. Ọkọ ẹ̀ á sọ ọ́. Á fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, á fà á, ó sì máa kú. Ohun tí kò lè ṣe náà ni kó sọ pé rárá fún ẹni tó fẹ́ràn.”

Ọkùnrin náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún olùkọ́ tó tó bí lọ́mọ. Olùkọ́ di apá rẹ̀ mú. “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, ẹ jọ̀ọ́.” Ó gbé àga fún un. “Ṣé ẹ lè tún un sọ?”

“Kí ni?”

“Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Tí ọwọ́ ẹ̀ bá san, màá gbé e dúró nídìí àpótí. Ẹ máa dúró tì í, ẹ máa pàṣẹ fún un gẹ́gẹ́ bíi baba. Pátákó kékeré kan ni màá fi sí i, kò lè jó o, àmọ́ òun ò ní mọ̀. Tó bá wọ̀n ọ́n, ó padà wọlé. Tó bá fà á, ó ti tán. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan fún un. Ẹ ò ní ṣẹ́jú sí i. Ẹ ò ní dẹ ohùn. Tí ẹ bá dẹ ohùn, màá mọ̀.”

“Mi ò lè ṣe é.”

“Ẹ ti ṣe é rí, Bàá,” ni olùkọ́ wí.

Gbogbo àkókò tí ọwọ́ náà fi ń jinná, ó ń gbé ọ̀rọ̀ yìí káàkiri ilé bí ẹni gbé ẹyin sẹ́nu. Ọmọ á sọ pé, “Bàámi, ẹ bá mi dì í,” á bá a di báńdéèjì, á fẹ́ sọ, á gbé e mì. Ohun tí olùkọ́ sọ fún ọmọ kò ju pé kó wá, òun fẹ́ dán an wò. Aya rẹ̀ nìkan ló mọ̀, òun náà kò sì sọ fún ọmọ. Ó kàn ń wò ó ni, ìwò tí obìnrin máa ń wo ọkọ tó gbé nǹkan wíwúwo dání, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé.

Ọjọ́ náà pé. Gbogbo kíláàsì dúró nínú àgbàlá, àwọn àgbà méjì yẹn náà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ dúró nídìí àpótí pẹ̀lú míta lọ́rùn, ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gan, awọ wọn ń dán. Olùkọ́ ní kó tú wáyà náà, ó sì fi orí júwe sí baba rẹ̀ pé kó súnmọ́ ọn. Ó súnmọ́ ọn.

“Ó ti kú, Ìyá mi,” ló wí. “Fà á.”

Ọmọ yíjú wò ó. Ojú ìyá rẹ̀ tó ti lọ ló ń wo Elétí Ehoro yẹn. Ó rọra gbé míta sókè. Kí baba dákẹ́ níbẹ̀ ni ì bá wù ú, ṣùgbọ́n olùkọ́ ń wò ó, kò sì gbọ́dọ̀ dẹ ohùn.

“Kí lò ń wọ̀n?” Ohùn náà jáde, ó le, ó kún àgbàlá. “Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi lo fẹ́ wọ̀n níwájú àwọn èèyàn yìí?” Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń bẹ ọmọ náà: wọ̀n ọ́n, jọ̀ọ́, bá mi wọ̀n ọ́n, má dá mi lóhùn.

Míta dúró lójú afẹ́fẹ́.

“Ẹ má bínú, Bàámi,” ni ọmọ wí.

Bó ṣe wí i lọ́jọ́sí nìyẹn, ohùn kan náà. Elétí Ehoro di ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò lè wò ó. Ó tẹ́ etí sílẹ̀, ó ń retí kí nǹkan hó, gbogbo ara rẹ̀ di etí, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an.

“Mo ti wọ̀n ọ́n,” ni ohùn ọmọ wí. “Ó wà láàyè. Mi ò fà á.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Baba rìn lọ sẹ́yìn yàrá irinṣẹ́, ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó sì sunkún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, àyàfi olùkọ́ tó wá gbé omi fún un, tó sì padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Ọmọ gba ìwé ẹ̀rí. Baba náà parí ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò gun òrùlé. Iṣẹ́ àtiwá ibi tí iná ti ń ṣòfò nínú ilé ni wọ́n fi í sí. Ó máa ń bi onílé ní ìbéèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n bá sì bi òun ní ohun tí kò dá a lójú, yóò ní, “Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí aya rẹ̀ gbọ́ ọ, kò gbé àpótí síwájú ilé. Ó kàn rọra bú sẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó sì ń bá aṣọ rẹ̀ lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọmọ máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, lórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, baba ti jí ṣáájú gbogbo ilé. Ó po tíì fún un, ó fẹ́ ẹ títí, ó tọ́ ọ wò, ó sì gbé e síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

“Mu ún, Ìyá mi. Ó ti tutù.”

Ọmọ ń wá nǹkan nínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́nà. Ó na ọwọ́ sí ife náà, ọwọ́ sì dúró. Ó yí i padà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ife pẹ́ẹ́, ó dúró díẹ̀, kó tó wá gbé e sẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní igun yàrá. Ìyá ọmọ ti rí i. Ó dun Elétí Ehoro wọ egungun, kí n má parọ́ fún yín. Ọmọ tó ń ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ títí dé ìgúnpá nítorí gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀, kò ní ṣe é mọ́ láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ ife tíì ni. Bẹ́ẹ̀ ohun tó gba agbára ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí náà ni yóò máa dá ọmọ náà padà wálé láàyè láti orí òrùlé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì ń wò ó bó ṣe ń mu ún.

Tíì náà sì ti tutù lóòótọ́.